Ìlà Kẹtàdínlógójì

Ogójì ìlà ló wà lójú ewé kan nínú rẹ́jísítà mi.
Ìlà kẹtàdínlógójì ni Mojírayọ̀ Fátúbí,
ọmọ Ìsọ̀kùn, afọṣọ ọsibítù,
tí agbaṣẹ́ṣe ń sanwó oṣù fún bí ẹni ń da ọkà fádìẹ:
díẹ̀díẹ̀, kó má baà rìn jìnnà.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì ó ń wá gba tìjọba,
ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ó ń kà á lẹ́ẹ̀mejì,
pẹ̀lú ìka tó ti funfun, tó ti hunjọ
nínú omi ẹ̀jẹ̀ àti omi ọṣẹ.

Mo ní, "Àyè kan ṣí nídìí ẹ̀rọ tó ń se irinṣẹ́ dókítà.
Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọn yóò fi kọ́ ọ, fún oṣù mẹ́rin.
Owó ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tìrẹ."
Kò dáhùn. Rẹ́jísítà ló ń wò.
"Bówó mi bá gòkè, ṣé ẹ ó yọ mí níbí?"
Irọ́ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.
"A ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tó o gbẹ́sẹ̀ lé àkàbà
la ó fa ilẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ. Oṣù mẹ́fà la ó fi wò ọ́."
"Oṣù mẹ́fà," ló wí. "Ìyà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣírò."

Ó kọ́ ọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ̀bà tútù nírọ̀lẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ó mọ̀ ọ́n tán, agbaṣẹ́ṣe ní òun yóò rò ó wò.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá rẹ̀,
a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí owó aṣọ yóò fi jáde.
Mojírayọ̀ ò ní aṣọ tó tà.
Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó gbé ìwé ẹ̀rí lórí orúnkún,
owó ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń sìn.
Lọ́jọ́ kẹta, òjò ń rọ̀, wọ́n pè é wọlé.

Àná ni oṣù kẹfà pé. Ó wá fúnra rẹ̀,
ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀ bí a bá ń pa orúkọ òun rẹ́.
Mo mú bírò. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n ò mọ ìdí.
"Ẹ lo rúlà," ni Mojírayọ̀ wí,
"ẹ jẹ́ kó gún. Kì í ṣe òkú lẹ̀ ń fagi lé."

Mo fà á. Ó gún.
Ó wá bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
pé èló ni wọ́n ń san fún èmi.
Mo rẹ́rìn-ín.
Mo ṣí ewé kejì.