Tíṣà Dé Ẹ̀fọ̀n

Kí ọkọ̀ tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n tán
etí mi á ti dí pì.
Mo gbé itọ́ mì, ó là.
Mo ti dé.

Mi ò ní ìbátan kankan níbẹ̀.
Ọdún kan péré ni mo fi kọ́ wọn ní ìṣirò,
lọ́dún tí àga kò tó,
tí àwọn ọmọ ń jókòó sórí ìtì igi.

Síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi mọ ibi tí yóò yà sí:
ọ̀dọ̀ Fálúyì aránbàtà,
tí kì í wojú ènìyàn kó tó wo bàtà.
“Tíṣà, ẹsẹ̀ òsì yín ṣì ń jẹ bàtà láti ẹ̀yìn,”
bí ẹni pé àná la pínyà.
Kò béèrè ọmọ, kò béèrè owó.
Ó bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi, ó ń kàn án.

Mo jókòó láìwọ bàtà,
mo ń jẹ iṣu sísun, epo ń ṣàn dé ìgúnpá.
Kùrukùru sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì mì,
ó gbé àwọn òrùlé páànù mì,
ó ku èmi, iṣu, àti ìró òòlù.

Níbí, wọn kì í pe ilé ní ilé.
“Ulé” ni:
ètè á ká jọ bí ẹni fẹ́ fẹ́ná.
Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń fẹnu kọ́ ọ.

Mo sanwó, mo dìde.
Gìgísẹ̀ mi kan nǹkan gbọọrọ:
ìṣó kan ṣoṣo, ó yọ orí.
“Ẹ̀yí ńkọ́?”
Fálúyì ń nu òòlù rẹ̀.
“Ìyẹn di àmọ́dún.”