Kí Ó Tó Gòkè

Ní Wélíìsì níbí, òjò kì í dá, ó kàn ń sinmi ni.
Lónìí kò tilẹ̀ sinmi. Páànù òrùlé ń ta bíi gúgúrú.
Eirlys, àbúrò bàbá mi, ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ;
bàtà rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, okùn ọ̀kan ti tú.
"Tẹ̀ ẹ́."
Mo tẹ̀ ẹ́.
"Má gbẹ́sẹ̀."
N ò gbẹ́sẹ̀.
Ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tíńtín,
ọ́ìlì tutọ́ sínú ìgò jáàmù, afẹ́fẹ́ tẹ̀lé e,
pọ́, pọ́, pọ́, bí ẹja tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi.
Ó dé e. "Ó yá, gbẹ́sẹ̀."
Ìgbà kẹtàdínlógún nìyẹn.
Bíréèkì ṣì rọ̀ fùkẹ̀fùkẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bíi tìmùtìmù.
"Afẹ́fẹ́ ṣì kù níbẹ̀," ló wí. "Afẹ́fẹ́ kì í gbé ẹrù ẹnikẹ́ni."

Ìjàpá ni ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ rí, Fọ́kíswágìn aláwọ̀ aró
tí bàbá àgbà fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.
Eirlys fi iná gé karawun rẹ̀ dànù,
ó jó egungun irin mọ́ ọn, ó wọ táyà eléyín fún un.
Ìjàpá tí ò ní karawun:
bí nǹkan bá yíwọ́, ibo ni yóò kó orí sí?

Ẹ̀gbọ́n mi Gethin ló wà á ní Sátidé.
Ó ku ìwọ̀n ilé mẹ́ta kó dé ténté Bryn Gwyllt,
ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.
Ó tẹ bíréèkì. Táyà iwájú dúró gbagidi,
ọkọ̀ ò dúró.
Ó ń fi ìdí yọ̀ bọ̀ lórí ẹrẹ̀ àti koríko tútù,
àgùntàn ń fọ́n ká,
wáyà ọgbà Idwal ló gbà á mú.
Ọrùn ọwọ́ Gethin ti wà nínú sìmẹ́ńtì funfun ọsibítù.
Gethin ní òjò ni.
Eirlys ní òjò kọ́, ọ̀pá ni.

Ó fi ìka ọlọ́ìlì yàwòrán sórí páálí fún mi:
"Tá a bá dorí kọ ìsàlẹ̀, ẹrù á rọ́ sórí táyà iwájú,
bíréèkì iwájú lọ̀gá.
Ṣùgbọ́n tókè bá kọ̀ wá, tá a ń fẹ̀yìn rìn bọ̀,
ẹ̀yìn ló diwájú yẹn.
Iwájú ti fúyẹ́, ó ń wo ojú ọ̀run;
o wá dì í mú. Kí lo dì mú?"
Ó yí ọ̀pá tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn,
ààbọ̀ ìyípo sọ́dọ̀ ẹ̀yìn. Ó rò ó. Ó tún fi díẹ̀ kún un.
Ó so ọwọ́ irin méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga,
ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn òsì, ọ̀kan fún tọ̀tún:
èyí tó bá gbéra nílẹ̀ tó ń yí lásán,
fa tiẹ̀, kí agbára padà sọ́dọ̀ èyí tẹ́sẹ̀ rẹ̀ tólẹ̀.
"Ẹni tó bá ní ká gòkè," ló wí,
"bi í léèrè ọ̀nà àbọ̀."
N ò sọ fún un pé èmi ni mo ní kí Gethin gòkè.

Nírọ̀lẹ́, a wà á dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn abà,
èmi lórí àga, bẹ́líìtì mẹ́rin láyà mi.
Ní ìdajì òkè, Eirlys nawọ́ láti ẹ̀gbẹ́: pa á.
Mo pa á.
Ìkùukùu nìkan ni mo ń rí.
Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán lára irin,
mo gbọ́ tí àgùntàn kan ń húkọ́.
Ọkọ̀ yọ̀ sẹ́yìn, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Kò rọ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́.
"Ó tó! Jẹ́ kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀!"
N ò tíì fẹ́ tú u sílẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.
Ọkọ̀ ò gbọ̀n.