Ìpìlẹ̀ Dà?

Ọ̀gbẹ́ni Àyánníyì fa ìlà méjì sójú pátákó,
ọ̀kan nà gbalaja, ọ̀kan nàró.
"Níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹ kọ òdo síbẹ̀."
Ebi ọ̀sán ń pa wá. A ò kọ òdo.

Nígbà tí ilé-ìwé jáde, mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù
ní oríta Àpẹtẹ̀, mo ń ka ohun tó ń kọjá,
ìlà mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún dábùú wọn
bí okùn tí wọ́n fi di ìdì igi.
Ọ̀kadà mọ́kàndínlọ́gọ́ta.
Máíkírà márùndínlógójì, ọ̀kan ń rú èéfín bí ilé alágbẹ̀dẹ.
Tírélà kan ṣoṣo, ó wá já yanrìn.
Mo sọ wọ́n di ọ̀pá, mo fi bírò kùn wọ́n.

Bàbá mi dé, sìmẹ́ǹtì ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
Píràmárì mẹ́ta ni ìwé tó kà mọ.
"Ta ló mọ àwọn ògiri wọ̀nyí?"
Mo ní èmi ni.
"Kí ló dé tí wọn ò fara kanra?"
Mo ní ọ̀kadà ò bá tírélà tan,
kálukú ló dá ilẹ̀ tirẹ̀ rà.
Ó ní, "Bódìjà nìyẹn. Fẹ́ǹsì tèmi, fẹ́ǹsì tìrẹ."

Mo ṣí ojú ewé kejì: gíga àwa ọmọ kíláàsì,
àádóje sẹ̀ǹtímítà sí ogóje, ogóje sí àádọ́jọ,
ibi tí ọ̀kan parí sí ni èkejì ti mú un.
Hísítógíráàmù lorúkọ rẹ̀;
ẹnu bàbá mi kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n.
"Ìdí Arẹrẹ ni èyí, ilé tí wọ́n bí mi sí.
Bí wọ́n bá kan ìṣó lọ́dọ̀ wọn,
àwòrán á já lọ́dọ̀ wa."

Ọ̀pá kékeré kan dá wà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn àlàfo.
"Ta nìyẹn?"
Mùdáṣírù ni, ó ga ju olùkọ́ lọ.
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gba abẹ́ tábìlì?"
Mi ò ro ìyẹn rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé fi àtẹ kọ́ ògiri:
owó tí wọ́n fi tún ọ̀nà ṣe lésìí, àti tọdún yìí.
Tọdún yìí ga ní ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Bàbá mi nìkan ló dìde, ó lọ lóṣòó síwájú rẹ̀,
ó ń wo ẹsẹ̀ ọ̀pá bí ẹni ń yẹ ògiri sísán wò.
"Akọ̀wé, ìpìlẹ̀ dà?"
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí òdo wà.
"Ẹ ti ri ilé méjèèjì mọ́lẹ̀ dé líńtẹ̀lì,
òrùlé nìkan lẹ fi ń hàn wá.
Ẹ hú wọn síta, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba."
Akọ̀wé wúkọ́. Ẹnìkan ní kí wọ́n máa pín bisikíìtì.

Mo délé, mo yọ ìwé mi.
Bóyá bàbá mi ti rí i lọ́jọ́ náà tí kò sọ.
Mo kọ òdo sí igun,
mo kọ ọ́ kó tóbi, roboto, bí ẹnu kànga.