Bèlúbèlú Ọmọ Tí N Kò Mọ̀

Aago méje kù díẹ̀ ní Dundee, ilẹ̀ kò tíì mọ́.
Atẹ́gùn odò Tay jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa bí ológò.
Mo tún gbé ẹran ara ẹnìkan kúrò lórí yìnyín,
ẹran tí kò ju èékánná lọ, tí a rì sínú ìda.
Kò ní orúkọ. Nọ́ńbà ló ní.

Mo fi abẹ ré e, ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ.
Mo jẹ́ kó léfòó lórí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́,
mo fi gíláàsì gbà á bí ẹni ń gbẹ̀bí,
mi ò mí.

Ohun tí dókítà ń bèèrè kò pọ̀:
àwọn ọmọ ogun inú ara aláìsàn yìí,
ṣé etí yẹn wà lára wọn?
Etí kan ni, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbọ́: Dúró.
Jẹjẹrẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á sún mọ́ ọmọ ogun,
á sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́,
ọmọ ogun á sì gbé ọ̀kọ̀ sílẹ̀,
á máa wo olè bó ṣe ń kó ilé lọ.
Oògùn wà tó lè dí etí náà.
Ṣùgbọ́n a kì í dí etí tí a ò rí.

Ehoro kan ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.
Ibi tí ehoro náà wà báyìí, n kò mọ̀;
ohun tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìgò tí kò ga tó ìka mi.
Orúkọ kan ló mọ̀ láyé,
bí ìgbà tí ìyá bá pe Àjàmú láàárín ọgọ́rùn-ún ọmọ,
tó jẹ́ Àjàmú nìkan ni yóò bojú wẹ̀yìn.
Ewúrẹ́ ló mọ ehoro.
Ewúrẹ́ ló gbé àwọ̀ dání.
Ehoro mọ etí, ewúrẹ́ mọ ehoro, èmi mọ ewúrẹ́:
bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dé ibi tí ojú kò tó.

Lánàá, búlúù nìkan ni mo rí.
Kì í ṣe lára aláìsàn nìkan, lára bèlúbèlú náà pẹ̀lú,
bèlúbèlú ọmọ kan tí wọ́n gé jáde lọ́jọ́ kan,
tí a máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kó lè ṣe ẹlẹ́rìí.
Etí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí kò bá fọhùn,
a jẹ́ pé èmi ni mo purọ́.
Ishbel, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ po àwọ̀,
kò bá mi wí. Ó wo ìwé, ó wo ìkòkò,
ó ní, "O ò sè é."
Lóòótọ́ ni. Mo gbàgbé iná.
Fọ́málínì ti di ẹran náà pọ̀ bí ìdì igi,
ogún ìṣẹ́jú nínú omi gbígbóná ló ń tú okùn rẹ̀.

N kò sùn dáadáa.
Ká ní mi ò gbé bèlúbèlú sí i ńkọ́?
Ǹ bá ti kọ ọ́ pé: kò sí.
Ẹnìkan ní Arbroath ì bá sì ti gbà á gbọ́.

Lónìí mo sè é. Mo dúró tì í
bí ẹni ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná.
Nígbà tó di ọ̀sán, mo fojú sí awò.
Bèlúbèlú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: àwọ̀ amọ̀,
wọ́n ṣù jọ sínú agbo wọn, wọ́n pọ̀.
Ọmọ yẹn ti lè di baba ọlọ́mọ, kó máa wa bọ́ọ̀sì,
kó má mọ̀ pé ọ̀fun òun ṣì ń jẹ́rìí.

Mo sún gíláàsì lọ sí ti aláìsàn.
Búlúù. Búlúù. Búlúù bí ojú ọ̀run tó ṣú.
Lẹ́yìn náà, ní bèbè kókó jẹjẹrẹ, ọ̀kan,
àwọ̀ rẹ̀ bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.
Mẹ́rin. Mo pàdánù kíkà, mo tún bẹ̀rẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá ìròyìn ayọ̀ ni. Dókítà ni yóò sọ.
Mo kọ nọ́ńbà náà, mo kọ ohun tí mo rí.
Ishbel kan fèrèsé: tíì ń tutù.

Mo tún wo bèlúbèlú lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ọmọ, o ṣeun.
Ṣé ọ̀fun ò dùn ọ́ mọ́?