Lẹ́tà Pupa Lẹ́yìn Heledd

Lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún
kò béèrè ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ mi,
kọ́kọ́rọ́ ló béèrè.
"Taid," bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe bàbá àgbà níhìn-ín,
lórí òkè Wélsì tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ,
"alùpùpù tó wà lábẹ́ tapólì nínú abà ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ.
Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ń ké bí abo màlúù tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.
Òfin ní kékeré ni kó o ti bẹ̀rẹ̀:
ẹ̀ńjìnnì àádọ́ta, tí kò lè sáré ju katakata Tudno lọ
lọ́jọ́ tí inú bá ń bí Tudno.
Ó fajú ro.
Mo ní fajú ro bó o ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kọ fóòmù.

Fóòmù lọ, fọ́tò lọ, owó lọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń wo ẹnu ọ̀nà bí ajá tó ń retí eegun.
Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ dé, aláwọ̀ ewé,
kò tó àtẹ́lẹwọ́,
Heledd sì gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí sùn.

Ní Sátidé a gbéra lọ sí Bala.
Òjò. Òjò ibí kì í rọ̀, ṣe ló máa ń fara ti èèyàn.
Rhydian olùkọ́, omi ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀,
ó nàka sí ọkọ̀ kan, ogún mítà sí wa:
"Ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi."
Heledd kà á gaara.
Èmi náà gbìyànjú níkọ̀kọ̀;
ohun tí mo rí ò ju èéfín funfun lọ.

Ó dé e ní akoto, ó fà á síhìn-ín, ó fà á sọ́hùn-ún:
"Tó bá ti ń mì, kì í ṣe akoto, fìlà ni."
Bíréèkì ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, kó tó kan gíà.
Èmi, ìgbéra nìkan ni wọ́n kọ́ mi.
Ògiri ló kọ́ mi ní ìdúró.

Ó fi táyà kọ nọ́ńbà ẹẹ́jọ yí kóònù ká.
Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan,
ó dìde, ó bú kóònù náà ní èdè ìyá rẹ̀.
"Bojú wẹ̀yìn," ni Rhydian ń wí, "bojú wẹ̀yìn kó o tó yà.
Dígí kì í rí ohun gbogbo.
Ẹni tó máa kọ lù ọ́ lè má níkà nínú,
kò ṣáà rí ọ ni."
Gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára ju òjò lọ.

Lọ́sàn-án, lẹ́tà pupa níwájú, lẹ́tà pupa lẹ́yìn,
D ni, nítorí D ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní èdè tiwa,
wọ́n jáde sí títì, ohùn Rhydian nínú etí rẹ̀.
Mo dúró lẹ́bàá ìgànná, mo ń ka mọ́tò,
tíì mi di omi tútù lọ́wọ́ mi.

Wákàtí méjì.
Ó padà dé pẹ̀lú ìwé tó máa lò fọ́dún méjì péré:
kò gbọdọ̀ gbé èèyàn sẹ́yìn,
kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà márosẹ̀.
"Taid, ìgbà wo lo ṣe tìẹ?"

Ẹ gbọ́, ogójì ọdún ni mo ti ń gun alùpùpù,
láti abà dé odò, láti odò dé abà,
lórí ilẹ̀ tiwa, níbi tí àgùntàn nìkan ti jẹ́ ọlọ́pàá.
N kò gbé e dé títì rí.
Eluned, kó tó kú, rò pé oko ni mo fẹ́ràn.
Ẹ̀rù fóòmù ló ń bà mí.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè.
Mo ní, "Heledd, bá mi ka ìlà àkọ́kọ́ yìí, lẹ́tà rẹ̀ kéré jù."
Ó fa àga.
Ó ṣí ìdérí bírò.
"Orúkọ?" ló bi mí,
bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.