Ó Kù Díẹ̀

Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ kan l'Ókè-Bọ́là
ni ará Jámánì náà dé sí pápá wa l'Ókè-Àdó.
Fọ́lkà Hẹ́nsílà ló wà nínú ìwé,
Bàbá Fèrè ni àwa ń pè é.
Àpótí kan ṣoṣo ló gbé wá, aláwọ̀ ewé,
bébà ìlú lóríṣiríṣi lẹ̀ mọ́ ọn lára bí èépá:
Tógò, Súdáànù, Bòlífíà,
ìlú kan tí ahọ́n mi kò lè pè, tí yìnyín ti ń bo pápá,
Táílándì, níbi tí wọ́n ti lé e
nígbà tí eré ṣì wà ní ìdajì, tí àwọn ọmọ ń mu omi.
Ó sọ ìyẹn fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín,
bí ẹni ń sọ ibi tí ó ti ra bàtà.

Èmi ni mo ń fi ẹfun fa ìlà sórí pápá.
Aago mẹ́fà ìdájí ló ń wá bá mi,
okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wọn ilẹ̀.
"Làsísì, ìlà yìí wọ́."
Mo ní, "Ọ̀gá, pápá ló wọ́. Ìlà gún."
Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó wò ó títí,
ó dìde tòun ti ìrì ní irùngbọ̀n,
ó ní òótọ́ ni mo sọ.
Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún,
ọ̀gá kan kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Èdè wa kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.
Ó ní kí Múfútàù gbá bọ́ọ̀lì síwájú,
àwọn ọmọ fi ẹ̀rín wó lulẹ̀.
Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó Gbádégẹṣin fi bọ́ọ̀lì gbígbóná méjì ránṣẹ́ sí i,
pẹ̀lú ẹ̀pà.
Gbólóhùn kan ló yọ lẹ́nu rẹ̀ tí kò ṣẹ́:
ó kù díẹ̀.
Bí ẹsẹ̀ bá ń ro wọ́n: ó kù díẹ̀!
Bí bọ́ọ̀lù bá fi ìka kan tàsé àwọ̀n: ó kù díẹ̀!
Àwọn ọmọ á gbè é lẹ́yìn pé, "Káàtó!"
Ó rò pé àdúrà ni.
Ó ń ṣe àmín.

A jọ gun Òkè-Àrẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.
Páànù ìpẹtà tẹ́ lọ bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ lọ.
Ó bi mí pé ilé mélòó ni mo ti gbé.
Mo ní ọ̀kan, ní Ìsàlẹ̀-Jẹ̀bú, bàbá bàbá mi ló mọ ọ́n.
Ó ka tirẹ̀, ìka ọwọ́ tán,
ó wo bàtà rẹ̀, ó dákẹ́.
Mo ní kó fọkàn balẹ̀,
Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì.
Ó ní, "Gbogbo ìlú ló ń gbe àjèjì,
títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé."

Sátidé náà dé. Òjò ni. Àyò méjì sí òdo.
Múfútàù fi orí kan bọ́ọ̀lù, òpó ló bá.
Owó oṣù mẹ́rin ṣì wà lọ́rùn àwọn alága.
Àwọ̀n la jọ ń tún ṣe lọ́jọ́ Ajé
tí rédíò mi fi sọ ọ́, láàárín ìròyìn kòkó àti ti iná mànàmáná,
pé wọ́n ti já ìwé gbélé-ẹ fún un.
Mo na ọwọ́ láti pa á.
Ó ní kí n fi sílẹ̀.
Ihò mẹ́ta ló kù lára àwọ̀n.
Ó dí i.

Ọdún méjì kọjá kí káàdì kan tó dé láti Mòsáńbíìkì:
àwòrán òkun, kò sí pápá níbẹ̀.
Ó kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀:
O ku die.
Kò fi àmì sí i.
Mo kà á, mo tún un kà.
Ṣé ó kù díẹ̀ ni,
àbí o kú díẹ̀?
Mo mú bírò, mo gbé e lé orí u,
mo gbé e kúrò.

Ìdájí ọ̀la, màá fa ìlà.
Pápá ṣì wọ́.