Orúkọ Èbúté

Ní àárọ̀ Alàmísì, wọ́n gbé pátákó wá sí etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
wọ́n fi aṣọ funfun bò ó
bí òkú tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.
Ọlọ́pàá mẹ́fà ló ń ṣọ́ ọ.
Mùdáṣírù ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀,
ó ní, "Èmi ṣe bí epo ni wọ́n gbé dé."

Ẹ má dá a lẹ́bi.
Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti sùn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún,
ó fi tapólì wé e bí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Kẹ́ẹ̀gì epo tí yóò gbé e dé ibú,
owó rẹ̀ ti ju owó ẹja tí yóò bá bọ̀.
Àjẹ̀ ló kù. Apá ló kù.
Apá ọ̀hún sì ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Wọ́n ṣí aṣọ. Ariwo sọ.
Orúkọ tó wà níbẹ̀ kọ́ ni àwọn kan ń retí.
Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, rédíò ti gbà á:
aṣòfin kan ní wọ́n tàbùkù ìdílé òun,
alága kan ní, ìdílé wo?
Wọ́n lọ jí ìjà àwọn baba ńlá wa,
ìjà tó ti sùn, tó ti ń hanrun,
wọ́n bu omi fún un kó bọ́jú,
wọ́n ní kó wá jókòó ti oúnjẹ.
Oúnjẹ wo?
Èkó-Ẹ̀pẹ́ sọ tiwọn. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ fèsì.
Èmi tí ìyá mi wá láti apá kan,
tí bàbá mi wá láti apá kejì,
mo ń wo ara mi nínú dígí
bóyá ojú òsì yóò bá ojú ọ̀tún jà.

Wọ́n ní ẹni ebi ń pa kì í gbọ́ wàásù.
Irọ́ ni o. A gbọ́, a tún ṣe àmín.
Sàfúrátù tó ń yan ẹja
torí orúkọ yẹn bú aládùúgbò rẹ̀
títí ẹja fi jóná lórí ààrò,
ẹja àwìn.
Èmi náà ńkọ́? N kò ní purọ́.
Káàdì igba náírà tí mo rà
láti fi pe ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ mi,
kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó má lé e nítorí owó ìdánwò,
mo fi pe rédíò.
Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú kan.
Orúkọ ni mo sọ látòkè délẹ̀.
Ọmọ náà jókòó tì mí, ó ń fetí sí i.

Nírọ̀lẹ́, mo ń di ojú àwọ̀n tó ya,
Mùdáṣírù mú àjẹ̀, ó na omi:
pàà!
Ó tún nà án.
Mo ní, "Kí ni omi ṣe fún ọ?"
Ó ní, "Báwo la ṣe ń kó epìyà?"
Mo ní, "A ó dẹ àwọ̀n sápá ibí,
a ó na omi lápá ọ̀hún,
ẹja á sì sá fún ariwo…"
N kò parí ọ̀rọ̀ náà.
Abẹ́rẹ́ àwọ̀n dúró lọ́wọ́ mi.
Ó ní, "Ọgbọ́n wa ni wọ́n jí lò."

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn oníkámẹ́rà dé láti Ìkẹjà.
Wọ́n bi Sàfúrátù, orúkọ wo ló fẹ́?
Ó bi wọ́n, èló ni wọ́n ra epo bọ̀?
Wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni àwọn wá bi.
Wọ́n yí kámẹ́rà sí ẹlòmíràn.

Pátákó ṣì wà níbẹ̀.
Wọ́n ti kun orúkọ àkọ́kọ́, wọn kò tíì kọ èkejì.
Mùdáṣírù so okùn ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ó ní irin rẹ̀ dára,
pé ká sòótọ́,
irin rẹ̀ dára.